Lẹ́yìn PhD ńkọ́? Ọ̀nà iṣẹ́ fún ẹni tó ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Ọmọ Ìtòkò béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ fi Abẹ́òkúta ṣe ilé. Ìbéèrè mi dá lórí iṣẹ́ lẹ́yìn PhD. Soil science (ìmọ̀ ilẹ̀) ni ẹ̀ka mi, ní yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn tó wà ní Àlàbàtà, tíísìsì náà sì dá lórí fọ́sífọ́rọ̀sì nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin gbágùúdá sí. Ìgbèjà níwájú olùdánwò láti ìta ló kù, kò sì yẹ kó ju oṣù mẹ́fà lọ mọ́. Pépà méjì ti jáde, ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ jọ́nà. Ọmọ ọdún 35 ni mí.

Ṣé kí ènìyàn jókòó de ìkéde yunifásítì ni, àbí kó kọjú sí ilé-iṣẹ́ aládàáni? Yàtọ̀ sí yunifásítì, ta ló ń gba onímọ̀ ilẹ̀ tó ní PhD síṣẹ́ ní agbègbè wa? Ṣé postdoc (iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ lẹ́yìn PhD) lókè òkun ṣì ṣeé lé? Kí ló sì yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí ìwé-ẹ̀rí tó jáde? Àdúrà yín wúlò fún mi púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìgbésẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ̀ lé kún un.

Alàgbà Àlàbàtà fèsì:

Àbúrò, o kú akitiyan. Ọlọ́run á jẹ́ kí o parí rẹ̀ láyọ̀.

Orí yunifásítì ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń wò, tí wọn ò sì mọ ohun tó ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Iye olùkọ́ ló ń ṣí i. NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀ka ìmọ̀ wò: ní ìmọ̀ ọ̀gbìn, olùkọ́ 1 sí akẹ́kọ̀ọ́ 15, ní sáyẹ́ǹsì, 1 sí 20, ní èdè àti ìtàn, 1 sí 30. Wọ́n tún ń wo bí ipò àwọn olùkọ́ ṣe pín: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀jọ̀gbọ́n àti Reader (ipò tó tẹ̀ lé ọ̀jọ̀gbọ́n), 35 fún Senior Lecturer, 45 fún Lecturer I wá sísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò NUC bá ń bọ̀, tí ẹ̀ka kan sì rí i pé àwọn ò pé, ìgbà yẹn ni olórí ẹ̀ka máa ń kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n fún òun ní ènìyàn. Ẹ̀ka tó bá yege pátápátá yóò lo ọdún 5 kí wọ́n tó padà wá. Èyí tí wọ́n fún ní ìyọ̀ǹda onígbà díẹ̀, ọdún 2 ni. Nítorí náà, bí o bá lọ kí olórí ẹ̀ka kan, má bi í pé "Ṣé ẹ ń gba ènìyàn?" Ìgbà tí àyẹ̀wò wọn tó kàn yóò wáyé ni kí o béèrè, àti ẹni tó máa fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ yunifásítì jẹ́ 65, ti ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ́ 70, torí náà àyè tó máa ṣófo lọ́dún méjì sí àsìkò yìí kì í ṣe ohun àṣírí.

Àyè ṣíṣófo nìkan ò tó ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ láti Àbújá kí wọ́n tó lè gba ènìyàn tuntun, ìdí nìyẹn tí ìkéde fi lè jáde nínú ìwé ìròyìn kó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Fi ìwé ránṣẹ́, kí o sì máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹni tó bá pa gbogbo nǹkan tì torí ìkéde kan ń ba ọdún ara rẹ̀ jẹ́ ni.

Lecturer II, ìyẹn CONUASS 3 (ìpele owó oṣù olùkọ́ yunifásítì), ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba PhD sábà máa ń wọlé sí. Ẹni tó ní Master's nìkan ń wọlé ní Assistant Lecturer, CONUASS 2. Bí ènìyàn bá ti kọ́ni fún ọdún mélòó kan, tí pépà rẹ̀ sì pọ̀, wọ́n lè fi í sí Lecturer I, ṣùgbọ́n má kọ Lecturer I sórí ìwé láìní ẹ̀rí ìkọ́ni, torí wọ́n á kàn gbé fáìlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń lé ìwé ènìyàn sẹ́yìn kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Àkọ́kọ́ ni ìdíwọ́ ẹ̀ka: ọ̀pọ̀ ìkéde ń béèrè pé kí oyè àkọ́kọ́, Master's àti PhD wà ní ẹ̀ka kan náà tàbí tó sún mọ́ ọn, kí oyè àkọ́kọ́ sì jẹ́ Second Class Upper. Bí tìrẹ bá yà síra, kọ ìlà méjì sínú lẹ́tà rẹ láti fi hàn bí wọ́n ṣe so pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ohun tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí WAEC, ti NYSC àti ìwé ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ bára mu. Àwọn ìyàwó ilé tó ti yí orúkọ padà, ẹ fi ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù àti ojú ewé ìwé ìròyìn tí ìkéde náà ti jáde kún un. Láìsí ìwé NYSC, tàbí ìwé ìyọ̀ǹda fún ẹni tó ti lé ní 30 ọdún nígbà tó jáde, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà á.

Àwọn tó máa jẹ́rìí sí ènìyàn gan-an ni mo rí pé ó ń pa ọ̀pọ̀ lára jù. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń fẹ́ kí ẹlẹ́rìí fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sí Rẹjísírà. Súpáfáísọ̀ tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ lè gbàgbé, fáìlì rẹ á sì dúró láìpé. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé ojú ewé kan: orúkọ ipò náà, ọjọ́ tó parí, àdírẹ́sì Rẹjísírà, àti ohun mẹ́ta nípa iṣẹ́ rẹ tí o fẹ́ kí wọ́n mẹ́nu kàn. Rán wọn létí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. CV náà, fọwọ́ sí i, kọ déètì sí i, kí o sì ṣe iye ẹ̀dà tí wọ́n ní kí o mú wá gẹ́lẹ́. Ẹ̀dà 10 sí 15 kì í ṣe tuntun.

Ní ti pépà: èyí tó wà lọ́wọ́ jọ́nà kò tíì ka sí nǹkan kan, àyàfi bí wọ́n bá ti fún ọ ní lẹ́tà pé wọ́n gbà á. Má sì jẹ́ kí ìkánjú tì ọ́ sọ́dọ̀ àwọn jọ́nà tó ń gbowó láìyẹ iṣẹ́ wò. Bí jọ́nà bá ṣèlérí láti gba pépà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tó ń gba ìwé lórí ìṣègùn, òfin àti ọ̀gbìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń fi ímeèlì ìyìn ránṣẹ́ sí ènìyàn láìmọ̀ ọ́n rí, sá fún un. Wò ó bóyá ó wà lórí DOAJ tàbí Scopus (àkójọ àwọn jọ́nà tí wọ́n ti yẹ̀ wò), kí o sì wá orúkọ àwọn olótùú rẹ̀ lórí ojú òpó yunifásítì tiwọn, kí o rí i bóyá wọ́n mọ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ ìgbéga máa ń yọ pépà bẹ́ẹ̀ dànù, owó á sì ti lọ.

Má gbójú fo MAPOLY (Moshood Abiola Polytechnic) ní Òjérè, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, tàbí àwọn yunifásítì aládàáni bíi Crescent àti Chrisland tó wà níbí. Ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, kó lọ gba PGDE (ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́) kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ní ti aládàáni, mọ̀ pé owó TETFund (àpò owó ìjọba fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga) kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, torí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni òfin yà á sọ́tọ̀ fún. Béèrè ibi tí owó ìwádìí yóò ti máa wá kí o tó fọwọ́ síwèé.

Àǹtí Pánṣẹ́kẹ́ fèsì:

Ọ̀rọ̀ Alàgbà pé. Èmi á sọ ti ilé-iṣẹ́, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí àwọn tó ní PhD ń pàdánù ohun tó yẹ kí wọ́n rí gbà. Wọ́n mọṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́ ni kò sọ ohun tí agbanisíṣẹ́ fẹ́ gbọ́.

Agbanisíṣẹ́ kò ra àkòrí tíísìsì. Iṣẹ́ tí ọwọ́ yín lè ṣe láti ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń rà. Ẹ wo ohun tó wà nínú PhD lórí fọ́sífọ́rọ̀sì: gbígba àpẹẹrẹ erùpẹ̀ lóko, wíwọn pH (bí ilẹ̀ ṣe ní ekíkan tó), Bray-1 fún fọ́sífọ́rọ̀sì, Walkley-Black fún kábọ́nù, Kjeldahl fún náítírójìn, títo ìdánwò sóko ní bùlọ́ọ̀kù, fífi ètò kọ̀ǹpútà R tú dátà palẹ̀, ríra kẹ́míkà láàárín owó tó wà, dídarí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń sanwó fún un.

CV yunifásítì lè tó ojú ewé 15. Ti ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Dípò kí ẹ kọ "ìwádìí lórí ìṣesí fọ́sífọ́rọ̀sì", ẹ kọ iye oko tí ẹ dé, iye àpẹẹrẹ tí ẹ yẹ̀ wò, ẹ̀rọ tí ẹ lò, iye ènìyàn tí ẹ darí, àti bí gbágùúdá ṣe pọ̀ sí i ní tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà. Àkójọ pépà yín, ìlà kan péré: "Pépà 2 nínú jọ́nà tí àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò." Ẹ fi oyè náà sí apá ẹ̀kọ́, ẹ má fi í ṣíwájú orúkọ.

Ìbẹ̀rù kan wà lọ́kàn agbanisíṣẹ́ tó bá rí PhD: ó rò pé ọjọ́ tí yunifásítì bá pè yín lẹ máa lọ, tàbí pé owó tí ẹ máa béèrè yóò ju agbára òun lọ. Ẹ dá a lóhùn nínú lẹ́tà kó tó béèrè. Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ iṣẹ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọ iye owó oṣù tí ẹ ń retí bí ìkéde bá béèrè fún un. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà kí ẹ tó kọ iye kankan.

Ibo ni kí ẹ wá lọ? Ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí, bíi ti Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí tó lè ṣe tọ́ọ̀nù yúríà mílíọ̀nù 3 lọ́dún. Ṣùgbọ́n onímọ̀ kẹ́míkà àti ẹ̀rọ ló pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ yúríà. Ẹ̀ka tó ń bá àgbẹ̀ ṣe ni onímọ̀ ilẹ̀ ti ń wọlé, àti àwọn tó ń po NPK (ajílẹ̀ náítírójìn, fọ́sífọ́rọ̀sì àti pọ́táṣì). Òfin ìṣàkóso ojúlówó ajílẹ̀ ti 2019 ní kí ohun tó wà nínú àpò bá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mu. Àpò 50 kg tí wọ́n kọ 15-15-15 sí gbọ́dọ̀ ní 7.5 kg náítírójìn, 7.5 kg P2O5 (bí wọ́n ṣe ń ka fọ́sífọ́rọ̀sì) àti 7.5 kg K2O (bí wọ́n ṣe ń ka pọ́táṣì). Láàbù ló ń fi hàn bóyá ó pé, ẹni tó lè dúró ti àbájáde láàbù náà ni wọ́n sì ń wá.

Láàbù gan-an jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ò kà sí. Láàbù tó fẹ́ kí àbájáde òun níyì níwájú oníbàárà ń lépa ISO/IEC 17025, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún láàbù, NiNAS sì ni àjọ tó ń yẹ wọ́n wò ní Nàìjíríà. Àwọn kókó rẹ̀ ni fífi ẹ̀rí hàn pé ọ̀nà àyẹ̀wò péye, ṣíṣírò ìwọ̀n àìdánilójú tó wà nínú ìdáhùn, ṣíṣètò ẹ̀rọ déédéé, àti títọ́jú ìwé àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá ti fi àpẹẹrẹ tí a mọ iye rẹ̀ yẹ ẹ̀rọ yín wò nígbà tíísìsì, tí ẹ sì ń ṣe àyẹ̀wò kan lẹ́ẹ̀mejì láti rí i bóyá wọ́n bára mu, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láìmọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú CV. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí 17025.

Òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ti 1992 tún wà. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gbòòrò ní Ewékorò, Àgbárá, Ọ̀tà tàbí Ṣàgámù nílò ìjábọ̀ nípa bí ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn agbaninímọ̀ràn tó ń ṣe ìjábọ̀ yìí máa ń wá onímọ̀ ilẹ̀ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n á sanwó, ó parí. Owó náà kì í dúró sójú kan, àmọ́ orúkọ yín á máa wà lórí ìjábọ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NISS, àjọ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Nàìjíríà, torí òfin ti fi iṣẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ sábẹ́ wọn.

Fún ìwádìí tí kì í ṣe ti yunifásítì, Ìbàdàn ni: IITA tó jẹ́ ilé ìwádìí ọ̀gbìn ti àgbáyé, àti àwọn ilé ìwádìí ọ̀gbìn ti ìjọba bíi IAR&T, NIHORT (ti èso àti ẹ̀fọ́), CRIN (ti kòkó). Ti ìjọba ń sanwó lórí CONRAISS, ìyẹn ìpele owó oṣù ilé ìwádìí. Ti IITA, iṣẹ́ ń bá owó iṣẹ́ àkànṣe rìn. Bí owó náà bá parí, iṣẹ́ parí, àfi bí iṣẹ́ àkànṣe mìíràn bá gbà yín. Ẹ wo inú ìkéde dáadáa bóyá ti òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà láti Nàìjíríà ni àbí ti àgbáyé, torí owó àti ẹ̀tọ́ wọn yàtọ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Láderin sì ń gbé ènìyàn dé Mọníyà, tí kò jìnnà sí IITA.

Kúnlé Aṣerò fèsì:

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo fẹ́ fi àyẹ̀wò ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ kún un, torí kò pọn dandan kí ènìyàn kọ́ láàbù kó tó bẹ̀rẹ̀. Láàbù yunifásítì máa ń gba àpẹẹrẹ láti ìta fún owó. Ohun tí àgbẹ̀ nílò lọ́wọ́ onímọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí iṣẹ́ náà: gbígba erùpẹ̀ bó ṣe yẹ, àti sísọ ohun tí nọ́ńbà inú ìwé láàbù túmọ̀ sí.

Níbi gbígba erùpẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Pín oko gẹ́gẹ́ bí ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ àti ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Má jẹ́ kí àpẹẹrẹ kan ṣojú fún ju hẹ́kítà 4 lọ. Rìn ní kọ́lọkọ̀lọ, kí o gbẹ́ ibi 15 sí 20, ìjìnlẹ̀ 0 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Yẹra fún ògán, ààtàn, ibi tí wọ́n ti dáná sun pàǹtírí, ẹ̀bá ọ̀nà àti ìlà tí wọ́n da ajílẹ̀ sí. Garawa ike ni kí o lò. Garawa onípáànù lè fi síńkì kún erùpẹ̀, àbájáde síńkì á sì di irọ́. Pò ó pọ̀, mú ìdajì kílò, sá a síbòòji, kí o sì fi asẹ́ 2 mm sẹ́ ẹ. Má yan án lórí iná, má sì sá a sínú oòrùn gbígbóná.

Ìdí tí àgbẹ̀ kì í fi í padà wá lẹ́ẹ̀kejì ni pé ìwé tó kún fún "mg/kg" ni wọ́n fún un. Yí i sí àpò. Bí ìmọ̀ràn bá jẹ́ 45 kg P2O5 lórí hẹ́kítà, tí NPK 15-15-15 ló sì wà lọ́jà, àpò 6 ni, tó fi díẹ̀ dín ní àpò méjì àbọ̀ lórí éékà. Wá wo bóyá náítírójìn àti pọ́táṣì tó bá a wá pọ̀ jù tàbí kò tó, kí o sì sọ ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí ó dà á sí i. Ojú ewé kan, Yorùbá ni kí o fi kọ ọ́.

Iṣẹ́ yìí nìkan kò lè bọ́ ilé lọ́dún àkọ́kọ́, torí àsìkò gbíngbìn ni wọ́n ń wá a. Ẹni tó bá mọ KoboToolbox (áàpù ìkójọ dátà) àti QGIS (ètò kọ̀ǹpútà fún yíya máàpù) lè máa gba iṣẹ́ àkójọ dátà lọ́dọ̀ àwọn àjọ tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láàárín ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Kobo ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ ní ìgbèríko.

Ọmọ Ìbarà fèsì:

Postdoc ṣeé lé, Ọmọ Ìtòkò, àmọ́ aago rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ tí ẹ bá gba PhD. Humboldt, àjọ tó ń fún ni lówó ìwádìí ní Jámánì, kò gbà ju ọdún 4 lọ lẹ́yìn PhD fún ipò postdoc. JSPS ti Jàpáánì, ọdún 6. Marie Skłodowska-Curie ti Yúróòpù, ọdún 8 ti ìrírí ìwádìí lẹ́yìn PhD, PhD sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ kí ìkéde tó parí. Oṣù kẹsàn-án ni ìkéde ti Curie sábà máa ń parí, ẹni tó bá sì ti gbé ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ìsinmi ìbímọ tí ìwé wà fún ṣeé yọ kúrò nínú ọdún tí wọ́n ń kà, ẹ tọ́jú àwọn ìwé náà.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ẹni tó máa gbà yín lálejò níbẹ̀. Ti Jàpáánì, òun gan-an ló máa gbé ìwé yín lọ. Ẹ kọ̀wé sí ènìyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí ẹ ti ka pépà wọn lóòótọ́. Kí ímeèlì má ju 200 ọ̀rọ̀ lọ: ẹni tí ẹ jẹ́, pépà rẹ̀ tí ẹ kà àti ìbéèrè tó fà yọ, ohun tí ẹ lè ṣe tí láàbù rẹ̀ kò ní, àti orúkọ owó ìwádìí tí ẹ fẹ́ bá a jọ wá. Ẹ fi CV ojú ewé méjì àti èrò iṣẹ́ ojú ewé kan sí i. Ohun tí láàbù wọn kò ní ni ilẹ̀ àgbègbè olóoru tó ti gbó, tó ní ekíkan, tí irin àti alumíníọ̀mù rẹ̀ ń di fọ́sífọ́rọ̀sì mú. Ẹ̀yin mọ oko náà, ẹ mọ àgbẹ̀ rẹ̀, ẹ sì ní àpẹẹrẹ nílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ohun tó ń mú kí wọ́n má fèsì ni lẹ́tà kan náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àádọ́ta ènìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Dear Professor" láìsí orúkọ, tó sì parí pẹ̀lú "ṣé ẹ ní owó?" Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Postdoc kì í ṣe iṣẹ́ ayérayé. Oṣù 12 sí 24 ni púpọ̀ wọn. Kí ẹ tó lọ, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ mú bọ̀: ọ̀nà àyẹ̀wò kan tí kò sí nílé, àti pépà tí orúkọ yín ṣíwájú nínú rẹ̀.

Adéọlá Òṣíẹ̀lẹ̀ béèrè:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àwa tí PhD wa jẹ́ ti èdè Yorùbá tàbí ìtàn ńkọ́? Kò sí láàbù tàbí ajílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àǹtí Pánṣẹ́kẹ́ fèsì:

Adéọlá, ọ̀nà yín yàtọ̀, àmọ́ ó wà. Ìtumọ̀ àti mímú áàpù wọ Yorùbá ni àkọ́kọ́: iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sanwó, wọ́n sì ń fẹ́ ẹni tó lè fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ láìṣìnà. Ẹ kọ́ OmegaT, ètò kọ̀ǹpútà fún ìtumọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì tọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀ tiyín láti iṣẹ́ kan dé èkejì. Àwọn tó ń kó dátà ohùn àti ọ̀rọ̀ jọ fún kọ̀ǹpútà náà ń wá ẹni tó mọ ẹ̀ka èdè, pàápàá Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Yewa. Ẹ béèrè ẹni tó máa ni dátà náà kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. OGBC àti OGTV (rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ògùn) wà nílùú, ilé ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mọ́sàn ní ibi ìpamọ́ ìwé àti mùsíọ́ọ̀mù, àwọn tó ń tẹ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn sì nílò olótùú. Fún olótùú, orí kan tí ẹ ti tún ṣe ni kí ẹ fi hàn wọ́n. Tíísìsì kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ọmọ Ìtòkò béèrè:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin òbí mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, bí láàbù aládàáni kan bá fún ènìyàn ní iṣẹ́ àdéhùn ọdún kan kó tó gbèjà tíísìsì, ṣé kó gbà á? Ṣé kò ní dí yunifásítì lọ́wọ́?

Alàgbà Àlàbàtà fèsì:

Gbà á, àbúrò, bí wọ́n bá lè kọ ọjọ́ ìgbèjà rẹ sínú àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ìsinmi. Kò ní dí yunifásítì lọ́wọ́. Ìrírí láàbù á ràn ọ́ lọ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ bí o bá lè fi hàn pé o kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ níṣẹ́. Ka ibi tí wọ́n kọ àkókò ìkìlọ̀ sí, ìyẹn iye ìgbà tó yẹ kí o ti sọ fún wọn kí o tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù kan dára, oṣù mẹ́ta á dá ọ dúró nígbà tí lẹ́tà yunifásítì bá dé. Wo ẹni tó ni dátà tí o bá kó jọ níbẹ̀, àti bóyá wọ́n á gbà kí o tẹ̀ ẹ́ jáde. Sì rí i pé wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti owó oṣù rẹ, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ wọn, sínú RSA, àpamọ́ owó ìfẹ̀yìntì rẹ. Nọ́ńbà RSA kan náà ni wàá gbé dé yunifásítì bí o bá lọ.

Ohun tó ń jẹ oṣù ènìyàn lẹ́yìn ìgbèjà ni àtúnṣe. Olùdánwò á kọ ojú ewé mẹ́ta àkíyèsí, akẹ́kọ̀ọ́ á gbé e lọ sílé, iṣẹ́ á wọlé, oṣù mẹ́jọ á lọ. Bí iṣẹ́ láàbù náà kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ kí o tó gbèjà, sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìgbèjà ni wàá wọlé. Ṣe tábìlì onílà mẹ́ta: ohun tí olùdánwò sọ, ohun tí o ṣe sí i, ojú ewé tó wà. Súpáfáísọ̀ á fi tábìlì náà yẹ̀ ẹ́ wò láìní tún gbogbo tíísìsì kà. Láti oṣù yìí, yanjú gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ilé ìkàwé tó wà lọ́wọ́ rẹ, torí wọ́n máa béèrè ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì kí wọ́n tó gba tíísìsì tí o dì. Gba nọ́ńbà ORCID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí), kí o fi pépà méjèèjì síbẹ̀. Béèrè fún transcript oyè àkọ́kọ́ àti ti Master's nísinsìnyí, torí wọ́n máa ń pẹ́.

Lẹ́yìn tí Senate (ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì) bá fọwọ́ sí i, lọ sí ọ́fíìsì Postgraduate fún ìwé àbájáde. Òun lo máa fi wáṣẹ́ títí ìwé-ẹ̀rí gan-an á fi jáde nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ dáadáa, torí òun ni Ọmọ Ìbarà ń sọ pé aago máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà nínú orúkọ tàbí déètì, má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tún un ṣe.